Ta Ló Ń Gbálẹ̀? Ìpín Iṣẹ́ àti Ipò nínú Ìtàn Agbo Ilé Yorùbá

Ìfáàrà

Ogun, ọba àti òwò ni ó gba ojú ewé jù nínú ìwé ìtàn Yorùbá. Iṣẹ́ ilé kì í sáábà rí àyè níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjọ́ kan tí ogun, ọba tàbí òwò lè dúró láìsí i. Agbo ilé ńlá kan ní Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ ibùgbé baálé, àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn aya wọn, ọmọ, ọmọ-ọmọ, ìwọ̀fà, ẹrú àti àlejò. Kí oòrùn tó là, omi gbọ́dọ̀ ti dé, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ́, iná gbọ́dọ̀ ti jó. Ẹni tí ń lọ sí oko kò gbọdọ̀ pẹ́, ẹni tí ń ná ọjà kò gbọdọ̀ pàdánù èrò. Kò sí aago lára ògiri, kò sí ìwé tí a kọ iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí. Síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ láràárọ̀. Ìbéèrè àròkọ yìí ni bí ó ṣe ń lọ, àti ẹni tí ó ń ru ẹrù rẹ̀.

Ìdáhùn tí a sáábà máa ń gbọ́ ni pé baálé ló ń pàṣẹ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Baálé a máa parí ìjà, a máa gba àlejò, a sì máa ṣojú ilé rẹ̀ níwájú àwọn ìjòyè. Kì í ṣe òun ló ń sọ ẹni tí yóò pọn omi lónìí. Yorùbá ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohun mẹ́ta ló gbé ètò agbo ilé ró: ipò tí ìgbà ìwọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdáná tí ìyá kọ̀ọ̀kan ní, àti ọwọ́ àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ilé. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ti àkọ́kọ́. Àwọn adájọ́ ti dá ẹjọ́ lórí ìkejì. Ìkẹta ni a máa ń fò dá. Ohun tí àròkọ yìí ń sọ ni pé a kò lè lóye ìtòrò ilé àtijọ́ bí a bá fò ó, àti pé ìgbà tí ààrò kẹta yìí yẹ̀ ni ilé ní láti tún ètò rẹ̀ tò.

Ilé gẹ́gẹ́ bí ètò

Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀, *The History of the Yorubas*, ní 1897, ṣùgbọ́n 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ṣàpèjúwe agbo ilé nínú rẹ̀: àwọn yàrá tí ó tò yí gbàgede ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú wọn, àti ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí tọmọdé tàgbà ń gbà wọlé, tí wọ́n sì ń gbà jáde. Àwọn tí wọ́n ka ìpínrọ̀ náà sí ọ̀rọ̀ nípa ilé kíkọ́ nìkan ti pàdánù apá kan nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ilé tí ó ní ẹnu ọ̀nà kan jẹ́ ilé tí ó ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí ẹni tí ó gbé ìkòkò lọ sí odò àti ẹni tí kò gbé e. Ìyàwó tí ó pẹ́ jí, ọmọ tí ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣeré, kò sí èyí tí ó pamọ́.

Bí a ti kọ́ ilé náà tún pín iṣẹ́ sí oríṣi méjì. Gbàgede, ẹnu ọ̀nà àti ojú ọ̀nà odò jẹ́ ti gbogbo ilé, nítorí náà iṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àpapọ̀ tí ó nílò ìlànà kí ó má baà di iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Yàrá àti ìdáná jẹ́ ti ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣètò wọn. Ìlànà ipò ló ń darí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìlànà ìpín ló ń darí èkejì. Ó yẹ kí a gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ààrò kìíní: ìgbà ìwọlé

Nínú agbo ilé, ìbí àti ìgbéyàwó ni ọ̀nà méjì pàtàkì tí ènìyàn ń gbà wọlé, ọjọ́ ìwọlé sì ni a fi ń ka ipò. Ìyàwó tí a gbé dé lónìí kéré sí gbogbo obìnrin tí a ti gbé wọlé ṣáájú rẹ̀, ì báà ṣe pé ó dàgbà jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí. Ó kéré pẹ̀lú sí gbogbo ọmọ tí a ti bí sí ilé náà kí ó tó dé. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Ó ní láti fún ọmọ kékeré pàápàá ní orúkọ àpọ́nlé bí Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Adúmáadán tàbí Opélẹ́ńgẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀ kéré sí i, ó sì lè pe orúkọ rẹ̀, kí ó rán an níṣẹ́.

Ohun tí ìlànà yìí ṣe fún iṣẹ́ ilé kò kéré. Ènìyàn méjì yòówù tí ó bá pàdé ní gbàgede ti mọ ẹni tí ó lè rán ẹnì kejì níṣẹ́. Kò sí àríyànjiyàn láàárọ̀. Ìyàwó tó dé kẹ́yìn ló ń gbálẹ̀, òun ló ń pọn omi ṣáájú, òun ló ń kúnlẹ̀ gba ẹrù lórí ẹni tó ti ọjà dé. Ìyálé ilé, èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn obìnrin ilé, ni ó ń bójú tó wọn: òun ló ń gbọ́ ẹ̀sùn, òun ló ń rí i pé iṣẹ́ kò já sílẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá bímọ tàbí tí ó bá ṣàìsàn. Orúkọ tí ẹnu ń pe ẹni ni ìwé tí a kọ ipò àti iṣẹ́ sí. Ẹni tí ó bá gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń pe ara wọn ti gbọ́ ètò ilé náà.

Ìlànà náà ní ìrètí nínú. Bí a bá gbé ìyàwó mìíràn wọlé, ìgbálẹ̀ a kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe tí ó ní pàṣán tí a fi na ìyálé wà ní àjà fún ìyàwó kò jẹ́ kí a gbàgbé pé ohun tí ń yí lọ́wọ́ dé ọwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ nìkan. Ìyà náà ń yí.

Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú *The Invention of Women* tí ó jáde ní 1997, fi ìlànà ìgbà ìwọlé yìí jiyàn pé ọjọ́ orí àti ipò ni ó ṣe pàtàkì ní àwùjọ Yorùbá àtijọ́, kì í ṣe akọ tàbí abo. Àlàyé rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ṣì lóye: ọmọ-osú, ọmọbìnrin ilé tí ó padà wá gbé ilé bàbá rẹ̀, jẹ́ ọkọ fún àwọn ìyàwó ilé náà, ó sì lè pàṣẹ fún wọn. Síbẹ̀, bí a bá tẹ̀ lé iṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, ohun kan ṣì ṣẹ́ kù tí àlàyé náà kò bò. Ọkùnrin kì í kúrò ní ilé tí a bí i sí. Ipò rẹ̀ ń ga sí i láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ títí di ọjọ́ ikú. Obìnrin kúrò ní ilé bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ ní ení ní ilé ọkọ, ní àkókò tí agbára ara rẹ̀ pọ̀ jù. Ìlànà ìgbà ìwọlé kò dárúkọ abo. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ó ti jẹ́ obìnrin ni a sáábà máa ń gbé wọlé, ọwọ́ obìnrin ni ìgbálẹ̀ ń bọ́ sí. Ẹkún ìyàwó tí àwọn ọmọbìnrin agbègbè Ọ̀yọ́ ń sun ní alẹ́ ìgbéyàwó jẹ́rìí sí i pé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ipò kan ń parí, òmíràn sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ààrò kejì: ìdáná

Bí gbàgede bá jẹ́ ibi ipò, ìdáná jẹ́ ibi òmìnira. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìgbà tí ó bá ti bímọ tí ó sì ti fìdí múlẹ̀, a ní ààrò tirẹ̀, ìkòkò tirẹ̀ àti òwò tirẹ̀. Owó tí ó rí nínú òwò jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti ọkọ. Òun ló ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, òun ló sì ń rán wọn níṣẹ́. Oúnjẹ ọkọ ni ó pa àwọn orogún pọ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ ohun tí a fi ọjọ́ pín ní ọ̀pọ̀ agbo ilé: ọjọ́ tí ó bá kan obìnrin kan, òun ni yóò dáná fún ọkọ.

Ìpín ọjọ́ yìí bá àwọn ètò mìíràn tí Yorùbá ń lò mu. Nínú àárò, àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní tẹ̀-lé-tẹ̀-lé; nínú èésú, àwọn oníṣòwò a máa dá owó jọ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè kó o ní ọjọ́ tirẹ̀. Èrò kan náà ló wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: iṣẹ́ tí ó wúwo fún ẹnì kan di fífúyẹ́ bí gbogbo ènìyàn bá mọ ọjọ́ tirẹ̀, tí wọ́n sì gbà pé ti ẹlòmíràn ń bọ̀. Obìnrin tí ó ní orogún mẹ́ta lè lọ ná ọjà ọ̀nà jíjìn ní ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Owú àti ìjà orogún kò ṣàì wà. Ìtàn Yorùbá kún fún wọn. Ṣùgbọ́n ìdáná tí ó dá dúró kò jẹ́ kí ìjà kan ba gbogbo ilé jẹ́, nítorí pé ẹni tí kò bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ṣì ní ibi tí yóò ti se oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀rí pé ìdáná kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan wà nínú òfin ogún. Bí bàbá bá kú, Yorùbá mọ ọ̀nà méjì láti pín ogún rẹ̀. Ìdí-igi pín in sí iye ìyá tí ó bímọ fún un. Orí-òjorí pín in sí iye ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ọkùnrin kan ní Èkó kú láìṣe ìwé ìhágún. Aya mẹ́rin ló bí ọmọ mẹ́sàn-án fún un. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-òjorí. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà ní 1958, ó ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, orí-òjorí sì jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè yàn bí aáwọ̀ bá wà lórí ìpín. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí i ní 1962. Bí a bá wò ó dáadáa, ìdí-igi kò yàtọ̀ sí ìpín ọjọ́ ìdáná. Ìyá tí ó ní ọmọ kan àti ìyá tí ó ní mẹ́rin ní ọjọ́ kan náà ní ìdáná. Ìdí kan náà ni wọ́n ní nínú ogún. Ètò tí a fi ń se oúnjẹ ọkọ nígbà ayé rẹ̀ ni a fi ń pín ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn ikú.

Ààrò kẹta: ọwọ́ tí a kò kà

Títí dé ibi yìí, àwòrán náà dára lójú. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà nínú agbo ilé tí kò sí nínú ìlànà ìgbà ìwọlé, tí wọn kò sì ní ìdáná tí a lè fi pín ogún fún wọn. Ìwọ̀fà jẹ́ ẹni tí a fi ṣe ìdúró owó tí a yá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé owó náà, gbèsè tí a bá san tán nìkan ló sì lè tú u sílẹ̀. Ẹrú ni ẹni tí a mú lójú ogun tàbí tí a rà. Àwọn méjèèjì ń gbé omi, wọ́n ń la igi, wọ́n ń roko, wọ́n ń gbé ẹrù lọ sí ọjà.

Ìbàdàn ni ó fi èyí hàn jù. Láti nǹkan bí 1829 tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀dó síbẹ̀, agbo ilé àwọn olórí ogun ń gbòòrò nípa àwọn ẹmẹ̀wà àti àwọn ẹrú tí ogun mú wá. Oko wọn ló ń bọ́ ilé, ẹrú ló sì ń ro ọ̀pọ̀ nínú àwọn oko náà. Ìlànà tí ó ní ẹni tó pẹ́ jù ni àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹrú. Ẹni tí a rà ní ogún ọdún sẹ́yìn kò ga ju ọmọ tí a bí lánàá. Òótọ́ ni pé àwọn ẹrú kan di alábòójútó oko àti olórí ọmọ ogun, ṣùgbọ́n àṣẹ olówó wọn ni wọ́n gbé wọ̀. Kì í ṣe iye ọdún tí wọ́n ti lò nínú ilé ló fún wọn. Òwe kan sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́; ọmọ kú, ariwo ta; bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Ilé Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà jẹ́ àpẹẹrẹ tí kò ṣeé gbójú fò. Johnson kọ ọ́ pé ẹrú tí ó wà ní oko rẹ̀ nìkan tó ẹgbàá, láìka àwọn tí ó wà nílé. Àwọn òǹkọ̀wé, láti orí Johnson dé orí Akínwùmí Ìṣọ̀lá nínú eré onítàn rẹ̀ ti 1970, ti fi ìwà òǹrorò rẹ̀ ṣe kókó ìtàn. Bọ́lánlé Awẹ́ ti rán àwọn onítàn létí pé agbára rẹ̀ nínú òwò àti ìṣèlú wà lára ohun tí ó mú kí Ààrẹ Látòósà dojú kọ ọ́. Bí a bá fi ojú ètò ilé wò ó, ohun mìíràn hàn. Nígbà tí a gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ tí a sì pa á ní 1874, kì í ṣe ọmọ ogun ló fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Johnson sọ pé ọmọ tí ó gbà tọ́ wà nínú ọ̀tẹ̀ náà, ẹrú inú ilé rẹ̀ ni a sì lò láti pa á lóru. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ilé kò wúlò, nítorí pé àwọn tí wọn kò ní ìpín nínú ilé ti wà nínú rẹ̀. Ilé tó tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Ìtòrò ilé olówó ní Ìbàdàn jẹ́ ìtòrò tí a fi agbára rà.

Nígbà tí ọwọ́ dín kù

Ní àkókò kan náà, ètò ilé mìíràn ti ń gbilẹ̀. Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ David dé Ìbàdàn ní 1853, wọ́n sì kọ́ ilé sí Kúdẹtì. Ìjòyè Olúnlọ́yọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ sílé wọn. Àwọn ọmọ yìí ń kọ́ ìwé àti ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ilé pẹ̀lú. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860 tí ọ̀nà Èkó sì dí, Hinderer ní láti máa ta àwọn ohun èlò ilé rẹ̀ kí agbo ọmọ náà lè jẹun. Ilé tí a gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe ilé onígbàgbọ́ ń jẹun láti ọjà àwọn obìnrin Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé tí ó yí i ká.

Òfin ìgbéyàwó Èkó ti 1884 fi ìdí ilé ọkọ kan aya kan múlẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bá yàn án. Kristin Mann, nínú ìwé rẹ̀ ti 1985 lórí ìgbéyàwó àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó, fi hàn pé àwọn obìnrin kan rí ìpàdánù nínú ohun tí a pè ní ọ̀làjú. Aya alákọ̀wé kò gbọdọ̀ kiri ọjà. Ó di ẹni tí ó gbójú lé owó ọkọ. Ohun tí ó yẹ kí a fi kún un ni pé ọjọ́ ìdáná kò lè yí mọ́ níbi tí kò sí orogún. Iṣẹ́ tí ọwọ́ púpọ̀ ń pín di ti ẹnì kan. Ọ̀nà tí ilé bẹ́ẹ̀ gbà yọ nínú rẹ̀ ni láti mú ọmọ ẹbí tàbí ọmọ aláìní wọlé. Ọmọ ọ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níbi tí ìyàwó kékeré, ìwọ̀fà àti ẹrú ti dúró rí.

Nínú ilẹ̀, ìyípadà náà falẹ̀. Ìbàdàn fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1893. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹrú púpọ̀ sí i ń fi ilé olówó wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀fà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wọ inú ọ̀rúndún ogún pẹ̀lú oko kòkó àti gbèsè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé dé. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn onítàn ti kọ púpọ̀ nípa owó àti ìṣèlú ètò náà. Ipa rẹ̀ lórí iṣẹ́ àárọ̀ kò kéré sí ìyẹn. Ọmọ tí ń gbé ọmọ ìyá rẹ̀ pọ̀n, tí ń pọn omi, tí ń kiri ẹ̀kọ, wà ní kíláàsì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Nígbà tí Niara Sudarkasa ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Aáwẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960, ó rí àwọn obìnrin tí òwò àti ilé pa pọ̀ sí lọ́wọ́, tí ẹni tí yóò dúró ti ọmọ sì jẹ́ ohun tí wọ́n ní láti ṣètò kí wọ́n tó lè rìn jìnnà.

Ìkádìí

Bí a bá tẹ̀ lé ìgbálẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ìtàn agbo ilé Yorùbá gba àwọ̀ mìíràn. Agbára ètò náà wà nínú ìpín: ipò tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ọjọ́ tí ń yí, ìdáná tí ó dá dúró. Àwọn ohun wọ̀nyí kò nílò ọ̀gá tí yóò máa pariwo, wọ́n sì lágbára tó láti di òfin ogún ní ilé ẹjọ́ gíga. Ṣùgbọ́n ibi tí ìpín náà parí sí ni àwọn ènìyàn tí a kò pín ohunkóhun fún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a padà sí ètò ilé àwọn baba ńlá gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò dúró níbi tí ẹrú àti ìwọ̀fà dúró sí.

Ìbéèrè náà kò tíì di ti àtijọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti 2003, ka gbígba ọmọdé sí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ilé àti àyíká ẹbí ọmọ náà sílẹ̀. Ní àwùjọ tí ẹbí gbòòrò, tí ọmọ tí a mú wá láti abúlé sì sábà máa ń jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò, ẹnu ọ̀nà tí òfin náà ṣí sílẹ̀ fẹ̀. Òwe àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán ni òwe náà ń bá wí. Onítàn ní láti bi ẹni tí ó rán an pẹ̀lú.